Iṣu Inú Ìgò

Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi ìgò náà ránṣẹ́, nínú báàgì ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé wá sìnkú. Oògùn oníhóró ni, ọgọ́ta hóró. Ó ti pè mí sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ooru tí ẹ ń sọ yẹn á rọlẹ̀." Mo wá gíláàsì mi, mo yí ìgò náà sójú iná. Àwòrán tó wà lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: iṣu.

Iṣu! Wọ́n di iṣu láti Amẹ́ríkà wá fún èmi tí mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi jáde wá bi mí pé kí ló dé.

Ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ ò tán. Ẹni ọdún 51 ni mí. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan oṣù mi ti dúró, tí ooru kan sì ń gùn mí láti àyà dé orí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò àmàlà sí èèyàn lójú. (Èdè wa tó ní orúkọ fún ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, tó tún ní fún èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, kò fún ooru yìí lórúkọ. A kàn ní nǹkan oṣù "dúró", bí aago.) Tó bá jẹ́ pé iṣu ló ń pa irú ooru bẹ́ẹ̀, ta ló yẹ kó máa làágùn lóru nílẹ̀ Ọ̀yọ́? Àmàlà ni wọ́n fi já wa lẹ́nu ọmú. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà tiẹ̀ ní àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń jẹ́ kí obìnrin àwọn máa bí ìbejì. Iṣu tó lè fún èèyàn ní ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan, kò wá lè gbà mí lọ́wọ́ òógùn?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí oorun kì í sí lójú mi láago mẹ́ta òru mọ́. Ní 1942, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker gbéra láti Amẹ́ríkà lọ sí Mẹ́síkò, ó wá irú iṣu inú igbó kan rí ní Veracruz. Ohun tó fà jáde lára rẹ̀ ló fi ṣe progesterone, ọ̀kan nínú àwọn họ́mónù tó ń darí nǹkan oṣù àti oyún. Nígbà tó di 1944, òun àti àwọn kan ti dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní Mexico City. Ibẹ̀ ni òkìkí iṣu ti kàn. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò àwọn onímọ̀ ni iṣu ti ń di progesterone. Ikùn ọmọ èèyàn ò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀. Mo sè é o, mo gún un o, mo gbé e mì ní hóró o, iṣu náà ni. Wọ́n ti fi ìpara iṣu yìí wo obìnrin 23 ní Ọsirélíà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ìpara lásán lọ.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ǹ bá ti sùn. Mo tún kan ìwádìí míì láti Taiwan, ti ọdún 2005. Obìnrin 22 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró fi ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ iṣu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò ìrẹsì, estrogen, họ́mónù tó máa ń wálẹ̀ bí nǹkan oṣù bá dúró, sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Irú iṣu wo? Ewùrà! Ewùrà tí a ò kà sí nǹkan kan ní Ọ̀yọ́, tí a fi sílẹ̀ fún àwọn Ìjẹ̀bú kí wọ́n máa fi se ìkọ́kọrẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lóru yẹn, kí n bi í bóyá òun ń làágùn.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ló wá sọ́kàn mi.

Ẹlùbọ́ ni ìyá mi tà ní ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ààfin, títí ó fi kú. Kò sí láyé mọ́ nígbà tí iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2020. Gbodo máa ń kún ẹ̀yìnkùlé wa débi pé a ò ríbi ta ayò. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún méjìlá, mo jí láti lọ tọ̀, mo sì rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ó bọ́ bùbá sílẹ̀, ó ró ìró mọ́dìí, ó gbá àmù náà mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó ń sunkún. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mò ń wò ó bóyá ó ń jò ni. Lọ sùn."

Mo ti wá ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ báyìí. Bí ẹni ọdún 48 ni nígbà náà. Nǹkan bí iye yẹn náà ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1990, lẹ́yìn tí wọ́n bi àwọn obìnrin Ilé-Ifẹ̀ léèrè ìgbà tí nǹkan oṣù wọn dúró. Iṣu kún ẹ̀yìnkùlé, iṣu kún ikùn, àmù ló gbá mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì tó bá mi sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá ò tilẹ̀ dárúkọ iṣu. Ó ní bí estrogen bá ti wálẹ̀, eegun a máa fúyẹ́, iṣan a máa rọ. Kí n máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, wàrà, ewédú, ṣàwà tí èèyàn ń rún teegunteegun, kí n jẹ ẹran níwọ̀nba, kí n sì máa rìn. Mo ń mi orí sí i, inú mi sì ń rẹ́rìn-ín: kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀? Gbẹ̀gìrì kọ́ ni ẹ̀wà? Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ilé mi.

Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ilé ìyá mi náà. Ó máa ń ka ẹran sínú ọbẹ̀ bí ẹni ń ka owó olówó. Ẹyọ méje, láìyẹ̀: ti bàbá mi, ti ìyá bàbá mi, ti àwa ọmọ márùn-ún. Òun a wá jókòó sídìí ààrò, a fi àmàlà tó kù nu ìdí ìkòkò. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó ka iye èèyàn tó wà nínú ilé náà. Mẹ́jọ ni wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé ọ̀dọ̀ alápatà mi ní Ọjà Jagun. Kò dúró kí n sọ̀rọ̀ tó fi gbé ọ̀bẹ. Ó ní, "Màmá, ẹyọ márùn-ún bí i ti ìgbà gbogbo, àbí?"

Mo dúró, mo fi ìka kà á. Méjì ti ọkọ mi, méjì ti ọmọ mi tó wálé láti iléèwé, ọ̀kan ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Mo ní mẹ́fà. Ó fẹ́ gé ti tẹ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ kó lè pé mẹ́fà. Mo ní rárá, kó gé òmíràn lé e.