Lójú Ọ̀nà Kílíbò: Àlejò tí Kò Gbọdọ̀ Gbin Igi



Láìpẹ́ yìí a gbéra ní Ṣábẹ̀, a kọjú sí àríwá, a gba ọ̀nà Kílíbò. Bí a ti fi àwọn òkè àpáta ìlú sẹ́yìn, ebè iṣu ni a ń rí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ti agbègbè Atakora wá ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀ ti ṣá lọ́hùn-ún, òkúta sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá oko sọ́dọ̀ wa.

A fẹ́ yà ní abà kan láti kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Ẹni tó júwe ọ̀nà fún wa ní: “Ilé Somba yẹn ni.” Nígbà tí a débẹ̀, àwa náà fi orúkọ yẹn kí baálé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi èdè wa dáhùn pé: “Bàbá Katikísìtì, Bètammaribè ni wá.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó mọ bí a ti ń fi amọ̀ kọ́lé dáadáa. Ojú tì wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé amọ̀ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ti wà nínú ìwé ohun-ìní aráyé ti UNESCO: ti apá Tógò ní 2004, ti apá Benin ní 2023.

Ọkùnrin náà ní: “Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń kọbè níbí. Ibí ni a bí ọmọ yìí sí. Igi kájú kan ṣoṣo, mi ò gbọdọ̀ gbìn ín.” Àṣà àwọn onílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá gbin igi ni a máa ń kà sí ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ̀rù wọn yé wa. A kò ní kí wọ́n sọ ogún bàbá wọn nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jẹ́ kó gbin igi, ṣé ó yẹ kí a tún máa bú u pé kì í jókòó síbì kan?

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Ní 1958 wọ́n lé àwọn ará Dahomey ní Àbíjàn. Ní 1969 Gánà lé àwọn àjèjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì wà nínú wọn. Àwa náà ti ṣe àlejò rí.

Nílé, kí a kọ́ àwọn ọmọ láti pe ẹnìkejì ní orúkọ tó ń jẹ́. Lóko, kí a ṣe àdéhùn tó yé tọ̀túntòsì níwájú ẹlẹ́rìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sún díẹ̀ lórí àga. Ọmọ abà yẹn kò tíì ní bàbá ìrìbọmi. Ta ni nínú wa yóò gbà á?

Kí Olúwa bùkún ilé yín.