Kí ni ọmọ Ìfọ̀nyìn fẹ́ fi èdè Jàpáànì ṣe?

Ó ti pẹ́ tí a ti kọ nǹkan síbí. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè, pàápàá bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ẹbí, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Àkọ́bí wa obìnrin, tó gba BAC lọ́dún tó kọjá, ló ní èdè Jàpáànì ni òun fẹ́ kọ́.

A kọ́kọ́ rò pé eré ni. Gbogbo àwọn ọmọ ìwòyí ló ń wo Naruto lórí fóònù, bí ẹ̀yin náà ti mọ̀. Àfi ìgbà tí a rí ìwé rẹ̀ kan tó fi àmì kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá wa àgbà gbé e wò, ó dà á dé, ó tún un ṣí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe tírà lẹ ń kọ nínú ilé yìí?"

Owó ló wá di wàhálà. Ìyá àwọn ọmọ ti tu owó kan jọ nínú epo pupa tó ń tà ní Ìgólò. A ti fi ẹnu kò pé owó náà ni ọmọ yóò fi kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí ó lè ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lápá Nàìjíríà. Owó náà kò lè ṣe ohun méjì. Nítorí náà a ní rárá. A tilẹ̀ fi Faransé sọ ọ́, bí a ti máa ń ṣe bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọmọ náà kò bá wa jiyàn. Ó dákẹ́. Ó ń kí wa láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ wa wá, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdákẹ́ náà rán wa létí ohun kan tí a kò fẹ́ rántí. A ó débẹ̀.

Olùkọ́ kò lè rí ìwé ọmọ kí ó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a pè é, a ní, "Ó dára, wá kọ́ wa. Bí a bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, kí ni o máa kọ́kọ́ sọ fún wa?" Ó wò wá bí ẹni tí kò gbà wá gbọ́, ó sì jókòó.

Ó ní omi ni mizu, òkè ni yama, ẹja ni sakana. Ẹ pè é lẹ́nu yín. Fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wọn bíi tiwa, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo tó lè dá dúró lópin ọ̀rọ̀ ni n, èyí tó dà bí ń tiwa nínú "mò ń lọ." Bí ọ̀rọ̀ òyìnbó bá wọlé tọ̀ wọ́n, ohun tí a ń ṣe fún un ni àwọn náà ń ṣe: wọn á ki fáwẹ́lì sí i láàárín. Ohun tí a pè ní mílíìkì, miruku ni wọ́n pè é. Tábìlì wa ni tēburu wọn. Wọ́n tún ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ame tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó wá sọ̀kalẹ̀ ni òjò. Ame tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ tó wá gòkè ni bọ́ńbọ́n tí ọmọdé ń lá. Ẹni tó ti kékeré mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kí ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù níbẹ̀?

Lẹ́yìn náà ó ní kí a sọ ọ̀rọ̀ fún frère. A ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bèèrè." Ani ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ane ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, otōto ni àbúrò ọkùnrin, imōto ni àbúrò obìnrin. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ Nàgó ní frère àti sœur, kò sì sí ọdún kan tí ọmọ kan kì í nawọ́ sókè pé, "Mùsíé, èwo ló dàgbà nínú wọn?" A máa ń ní kí ó jókòó.

Ìkíni ló wá mú wa ní tiwa. Ẹni tó bá ń jáde nílé á ní itte kimasu, ìyẹn ni pé mò ń lọ, mo sì ń bọ̀. Àwọn tó kù nílé á dá a lóhùn pé itterasshai, lọ rè é bọ̀. Bí ó bá dé, okaeri, káàbọ̀. Bí ẹ bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, otsukaresama ni, èyí tí a lè pè ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ Faransé fún ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni a ti ń wá a, a kò tíì rí i. Bon travail kọ́ o. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ sórí ìwé ọmọ tó gba máàkì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyọ kan sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ya àwòrán nǹkan sétí, irú gbirigbiri, múlọ́múlọ́, yinrinyinrin, tí àwọn ọ̀gá wa fi ń fi bírò pupa fa igi sí wa nínú ìwé nígbà tí a bá gbìyànjú láti sọ wọ́n di Faransé, wọ́n kún èdè Jàpáànì fọ́fọ́. Ohun tó ń yí gbirigbiri, tàbí àrá tó ń kù, goro-goro. Ohun tó rọ̀ múlọ́múlọ́, fuwa-fuwa. Ohun tó ń dán yinrinyinrin, pika-pika. Àbúrò rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gbọ́ pika, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Pikachu, a kò rí ẹ̀kọ́ kọ́ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó le. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, bí ẹni pé a ní "èmi ìrẹsì jẹ." Oríṣi ìwé méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì 46, ìyẹn kò ju iṣẹ́ oṣù kan tàbí méjì lọ. Àwọn àmì tó ti Ṣáínà wá, tí wọ́n ń pè ní kanji, ni igi tó wó dí ọ̀nà: 2,136 ni ìjọba wọn kà sí èyí tí gbogbo ènìyàn yẹ kí ó mọ̀. Àwọn ọmọ wọn gan-an, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ 1,026 nínú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kí ó lọ ra maṣíìnì ìránṣọ.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹbí, ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìdí-Ìrókò ní ta ló ti apá ibí lọ síbẹ̀ rí tí ó jẹ́ nǹkan? A ní Zomahoun Idossou Rufin ńkọ́? Ọmọ Ìdáàṣà níbí ni. Ṣáínà ló ti kọ́kọ́ kàwé kí ó tó dé Jàpáànì ní 1994. Láàárín 1998 sí 2002 ó di ẹni tí gbogbo Jàpáànì mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ètò kan tí Takeshi Kitano ń darí, níbi tí àwọn àlejò ti ń fi èdè Jàpáànì bá àwọn onílé jiyàn. Ó kọ ìwé ní èdè náà, ó fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ nílé. Ilé ẹ̀kọ́ èdè Jàpáànì tó ń jẹ́ orúkọ Takeshi ní Kútọ̀nú, òun ló dá a sílẹ̀. Ní 2012 ó di aṣojú orílẹ̀-èdè Benin ní Tokyo. Ẹ̀gbọ́n wa ní ẹyọ ènìyàn kan nìyẹn. Òtítọ́ ni. Ẹnì kan kì í ṣe ẹgbẹ̀rún, a kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ọmọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó dájú ní tiwa. Ìjọba Jàpáànì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Benin ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nípasẹ̀ ilé aṣojú wọn ní Kútọ̀nú. Àwọn tí wọ́n ń mú kò pọ̀. Kò sí owó tí ẹ máa san láti kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, olè ni. Àwọn àgbàlagbà sì ti pọ̀ jù níbẹ̀, bí a bá ka ènìyàn mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mẹ́ta ti tó ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ń wá ọwọ́ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà dára, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí Nàìjíríà ti ààlà, láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Epo ìyá àwọn ọmọ wà nínú kẹ́ẹ̀gì, kò sẹ́ni tó bi í ní èló. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan kò sùn dáadáa.

Síbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kọ́ ló yí wa lọ́kàn padà.

Ní alẹ́ mìíràn a ń yin àwọn ará Jàpáànì fún ọmọ wa. A ní láti ayé Meiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868, ni wọ́n ti kó ìmọ̀ òyìnbó jọ tí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Tẹlifóònù di denwa, ọ̀rọ̀ tó ń gba inú iná mànàmáná. Ọmọ wọn ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìṣirò títí dé yunifásítì. A ní, "Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó na ọmọ níbẹ̀ nítorí èdè ilé rẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, ẹ dúró ná."

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Ó ní àwọn erékùṣù kan wà lápá gúúsù tí wọ́n ń pè ní Okinawa, tí wọ́n ní ọba tiwọn àti èdè tiwọn kí Jàpáànì tó gbà wọ́n ní 1879. Ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ọmọ tó bá sọ èdè erékùṣù, wọn á gbé pákó kan kọ́ ọ lọ́rùn. Hōgen fuda ni wọ́n ń pè é. Yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí ọmọ mìíràn yóò fi ṣèèṣì sọ èdè náà, òun ni wọn á wá gbé e fún. Lónìí, àwọn arúgbó ló kù tó gbọ́ èdè náà dáadáa.

Ọmọ wa kò mọ ohun tó fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lógójì lápá ibí, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Signal ni a ń pè é. Tiwa, egungun màlúù tí wọ́n fi okùn sí ni, àwa náà gbé e kọ́rùn rí. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo bá lù, ẹgba ni. Ó dùn wá. Síbẹ̀, nígbà tí àwa náà di olùkọ́, tí wọ́n gbé wa lọ sí abúlé kan, a gé pákó kékeré kan, a lu ihò sí i, a fi okùn sí i. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni a mọ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní CE1 tí pákó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn sí lọ́rùn. Nígbà tó yá kò sọ Nàgó mọ́, kò sì sọ Faransé. Bí a bá pè é, á dìde, á máa wolẹ̀. Ó tó oṣù kan àtààbọ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá wa lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mùsíé, ẹ dákun, ṣé ọmọ mi ti yadi ni?" Ọjọ́ náà ni a fi pákó yẹn dáná. Ọmọ náà padà sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún wa.

A sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú Nàgó. A kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rí. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ìdí nìyí tí ẹ kì í fi bá wa sọ Nàgó nígbà tí a wà ní kékeré?" A ní bóyá.

Ní òwúrọ̀, a bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó epo. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé a ó gbà, àwa ni òun ń dúró dè. Ọmọ ti wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kútọ̀nú báyìí, ó ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó gun ẹ̀yìn zẹ́mì, ó nawọ́ sí wa, ó ní itte kimasu. Ìyá wa àgbà bi wá pé kí ló wí. A sọ fún un. Ó ní, "Kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ó sì ké tẹ̀lé zẹ́mì náà pé lọ rè é bọ̀ o.

Ìwé atúmọ̀ èdè Jàpáànì sí Faransé wọ́n, ẹni kan ṣoṣo ló ní i nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín lókè òkun bá ní èyí tó ti gbó, tí kò lò ó mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bí ó bá ti lè dé Ìgólò, ìyá àwọn ọmọ á rí i gbà.