Níbo Ni Kí A Kan Èèkàn Sí?

Abúlé kékeré kan ni Braunston, ní agbègbè Northamptonshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ohun tí oríta ńlá jẹ́ lójú awakọ̀ ni abúlé yìí jẹ́ lójú àwọn tí ń wa ọkọ̀ lórí kánáàlì, ìyẹn omi tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Ibẹ̀ ni kánáàlì Oxford, tí wọ́n parí ní ọdún 1790, ti pàdé Grand Junction, tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ní ọdún 1793 kí ẹrù lè tètè dé London. Èédú, irin àti ọkà gba ibẹ̀ kọjá fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù kò ná ibẹ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó ní ọkọ̀ ìgbàanì ti ń kó ara wọn jọ sí Braunston ní ìparí oṣù Kẹfà, tí èrò á sì wá wò wọ́n láti ibi gbogbo.

Ní ọdún 2019, ọ̀rẹ́ mi kan, tí mo fi ọdún díẹ̀ jù, ní kí n wá bá òun lọ sí àpéjọ náà. Ọmọ Yorùbá ni, inú ọkọ̀ ni ó sì fi ṣe ilé ní London. Ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Èmi wọ ọkọ̀ ojú irin dé Long Buckby ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì bá a níbi àwọn ilẹ̀kùn omi méje tí ń gbé ọkọ̀ gun òkè níbẹ̀. Kí a tó gun òkè náà tán, àwọn tí ń bọ̀ láti iwájú ti ń sọ fún wa pé Braunston ti kún dẹ́múdẹ́mú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè máa rò pé omi gùn, etí omi sì gùn pẹ̀lú. Kí ló dé tí àyè fi wọ́n? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìhà kan ṣoṣo ni ará ìrìnnà lè so ọkọ̀ mọ́, ìyẹn ìhà tí ọ̀nà ẹṣin wà, níbi tí àwọn ẹṣin ti ń fi okùn fa ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ìhà kejì sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ìhà tí a tilẹ̀ lè lò yìí, ènìyàn kò gbọdọ̀ so ọkọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn omi, sí abẹ́ afárá, sí kọ́nà, sí ìdí ẹ̀rọ omi mímu, tàbí síbi tí wọ́n fẹ̀ sí i kí ọkọ̀ gígùn lè rí ibi yí padà. Níbi tí ó kù, bí kò bá sí òrùka irin létí omi, awakọ̀ á fi òòlù kan èèkàn irin méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, á sì so okùn mọ́ wọn. Ó yẹ kí ó fi ohun tí ń tàn sórí èèkàn náà kí ẹlẹ́sẹ̀ má baà kọsẹ̀ lóru. Bí ọkọ̀ mìíràn bá sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ lè fa èèkàn tu. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi ń rọra kọjá lára ọkọ̀ tí a so. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èmi fẹ́ kí a sún mọ́ ibi àpéjọ. Ọ̀rẹ́ mi mi orí. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “bí a bá wọ Braunston lálẹ́ yìí tí a kò rí àyè, a kò lè kàn yí padà bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Iwájú ni a ó máa lọ, a ó sì kọjá ibi tí à ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a sùn síhìn-ín, kí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ́la.” Níbi tí a wà yẹn pàápàá, àyè kò sí mọ́. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ni wọ́n rí wa, tí wọ́n ní kí a so ọkọ̀ wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwọn, nítorí omi fẹ̀ tó níbẹ̀. A kò mọ̀ wọ́n rí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Etí omi tí ó kún náà gbà wá.

Ní ọjọ́ kejì a rìn gun òkè tí ihò Braunston gba abẹ́ rẹ̀. Ọdún 1796 ni wọ́n ṣí ihò náà, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2,042 yáàdì. Kò sí ọ̀nà ẹṣin nínú rẹ̀. Orí òkè tí a ń rìn yìí ni wọ́n ń mú àwọn ẹṣin gbà, nígbà tí àwọn ènìyàn wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, tí wọ́n dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri kí ọkọ̀ lè máa lọ.

Àwọn ọkọ̀ tí a bá ní Braunston dára púpọ̀. Gígùn wọn tó nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú wọn kò sì ju nǹkan bí 7 lọ. Wọ́n ya òdòdó àti ilé olódi sí wọn lára. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni ó gba ọkàn mi. Kò gùn tó 10 ẹsẹ̀ bàtà, ibẹ̀ sì ni ìdílé kan ń gbé: bàbá, ìyá, ọmọ, ààrò àti ibùsùn. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó nítòsí sọ fún mi pé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ilé-ìwé tí òun wọ̀, ó ní, òun kò lè ka iye rẹ̀. Kò sí èyí tí òun lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń já ẹrù, ìyá òun á rán òun lọ sí ilé-ìwé tí ó wà nítòsí. Bí ẹrù bá ti tán, wọ́n á wá pe òun, nítorí ọkọ̀ tí ó dúró kì í pa owó. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ kí ó tó mọ ìwé kà.

Olùkọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ yìí kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ìjọba kò ṣaláì gbìyànjú. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Smith, ará Coalville, pariwo títí wọ́n fi ṣe òfin ní ọdún 1877, tí wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1884. Òfin náà ní kí wọ́n forúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé sílẹ̀ ní ìlú kan, kí a sì ka àwọn ọmọ inú rẹ̀ sí ọmọ ìlú náà ní ti ẹ̀kọ́. Lórí ìwé, ọmọ ti ní ìlú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sí ní ìlú náà. Ojú ọ̀nà ni ọmọ wà.

Òtútù líle ti ọdún 1962 sí 1963 sọ omi di yìnyín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òwò tí ó ti ń rọ tẹ́lẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pátápátá. Ṣáájú ìgbà náà ni L. T. C. Rolt àti Robert Aickman ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1946 láti gba kánáàlì là, tí ẹgbẹ́ náà sì ṣe àpéjọ ọkọ̀ ní Market Harborough ní ọdún 1950. Ọpẹ́ ni fún irú wọn tí omi fi kù tí a ń rìn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ rí olùgbàlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ kò rí ìwé kà.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni. Òfin ọdún 1995 sọ pé ẹni tí kò bá ní ibùdó tí ó ń san owó lé lórí gbọ́dọ̀ máa rìn, kò sì gbọdọ̀ dúró síbì kan ju ọjọ́ 14 lọ, àfi bí ìdí tí ó tọ́ bá wà. Òfin náà ní ọgbọ́n nínú. Bí gbogbo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé bá jókòó títí láé, níbo ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kan èèkàn sí? Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 14 kọ̀ọ̀kan, ilé ọmọ náà ṣí, ilé-ìwé rẹ̀ kò ṣí. Nígbà mìíràn ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lè bá agogo ilé-ìwé pàdé.

Nítorí náà ni mo fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó ń pẹ́ dé kíláàsì lè má jẹ́ ọ̀lẹ. Èyí tí kò mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá lè má ní ilé tí ó dúró síbì kan tí ì bá ti ṣe é. Kì í ṣe orí omi nìkan ni irú wọn wà. Wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn tí onílé ń lé kiri, àti lọ́dọ̀ àwọn tí òwò òbí ń gbé láti ìlú dé ìlú. Kí a tó gbé pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ibi tí ó sùn lánàá. Kì í ṣe àwa ni a ni etí omi, a kò sì lè pín in fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a lè ṣe bí tọkọtaya àgbàlagbà yẹn ti ṣe, kí a ní kí ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tiwa.