Ẹ Jẹ́ Kí Òjò Rọ̀ Kí Ẹ Tó San Owó Ilẹ̀

Ládàánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ilé kéú ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́, mo sì ka ìwé mẹ́fà. Èmi kì í ṣe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe alágbàtà ilẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìyá àwọn ọmọ mi kó àjọ. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní ọjà Bódìjà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣẹ́ owó náà jọ, 350,000 náírà. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ bá mi fi ra ilẹ̀ díẹ̀, kí n má baà ná an." Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọkùnrin kan tí a jọ ń kírun Jímọ̀ sọ fún mi pé òun mọ ilẹ̀ kan. Ó mú mi lọ. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní òkúta, owó rẹ̀ sì fi ìdajì dín sí ti àwọn ilẹ̀ orí òkè tí ó wà nítòsí. Ó yẹ kí n ti fi èyí fura. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ẹni mẹ́ta ń bọ̀ wá san owó ní ọ̀la, ni mo bá sáré san tèmi. Wọ́n já ìwé pélébé kan fún mi. Orúkọ èmi ni wọ́n kọ sí i, n kò sì sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni owó.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà ni òjò ńlá tí Ìbàdàn kò lè gbàgbé rọ̀. Odò kún bo afárá, ó wó ilé, ènìyàn tí ó bá a lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí mo dé ibi ilẹ̀ wa, n kò rí ilẹ̀. Omi ni mo rí, àti orí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Bàbá arúgbó kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọdọọdún ni omi máa ń gba ibẹ̀, pé ti ọdún yìí kàn pọ̀ jù ni. Ilé bàbá náà kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀ tí mo rà. N kò bi í léèrè ohunkóhun ní oṣù kejì.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìyá àwọn ọmọ mi kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá wọn, àpò èlùbọ́ mélòó ni ó wà nínú omi yẹn?" N kò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ojú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan wo ilẹ̀. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ rí ibi tí àgbàrá ń gbà. Kí ẹ sì tún padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ wo bóyá kànga àwọn ará ibẹ̀ ń gbẹ. Ẹni tí ń ta àkàrà ní ìkóríta ni kí ẹ bi léèrè. Òun kì í gba owó alágbàtà.

Bí ó bá ṣe ilé tí ẹ fẹ́ máa gba owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni, ẹ kọ́kọ́ wá ayálégbé kí ẹ tó wá ilé. Ta ni yóò gbé ibẹ̀? Nítòsí Yunifásítì tàbí Pólì, akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Èkó wá sí Móníyà, gbogbo igbó tí ó wà lọ́nà ibẹ̀ ni àwọn tí ń tà ti ń pè ní Móníyà. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn láti orí ilẹ̀ náà dé ibi tí ẹ óò ti wọ ọ̀kadà. Ẹ ka òpó iná, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà wà lórí wọn.

Ẹ ṣírò pẹ̀lú. Wọ́n wá fi ilé kan lọ ọ̀rẹ́ mi ní 18,000,000 náírà, yàrá 10, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san 100,000 lọ́dún. Ẹni tí ń tà á ní mílíọ̀nù kan ni yóò máa wọlé. Mo ní kí a yọ oṣù tí yàrá yóò ṣófo, kí a yọ òrùlé tí ń jò, kí a yọ ti ṣalángá tí ó kún àti ti alágbàtà. Ohun tí ó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 700,000 lọ. Yóò ju ọdún 25 lọ kí owó náà tó padà. Ọ̀rẹ́ mi kò rà á. Ẹ má sì ṣe yá owó elé láti fi rà á. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ èèwọ̀ fún wa, elé kì í dúró de yàrá tí ó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó kù. Nínú Súrátù Bákárà, àyà tí ó gùn jù ní gbogbo Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ni. Mo mọ àyà náà sórí láti ọmọdé, síbẹ̀ ìwé pélébé ni mo gbà! Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ rí mọ́gàjí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì rí àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí mọ́gàjí níbẹ̀, asán ni lójú kóòtù. Bí mọ́gàjí bá dá a tà, àwọn àgbà yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú u ká. Ẹ béèrè àwọn ọmọbìnrin ilé náà pẹ̀lú, nítorí ẹ̀tọ́ wọn wà níbẹ̀. Mo mọ ilẹ̀ kan tí ó di ẹjọ́ nítorí àbúrò obìnrin kan tí wọn kò pè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà, kí ó wádìí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Láti ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, nítorí náà ìwé ẹbí nìkan kò tó. Iye tí àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò gbà nígbà ìpìlẹ̀ àti nígbà òrùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ní púlọ́ọ̀tì kan, ẹ bi wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó, nítorí 50 sí 100 ni níbòmíràn, 60 sí 120 ni níbòmíràn.

Ní ọdún 2017 ni ìyá àwọn ọmọ mi tún kó owó jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kó o lé mi lọ́wọ́. Oṣù 14 ni ó fi wá ilẹ̀, èmi ni mo ń bá a gbé agbòjò. A wo mọ́kànlá, ó kọ mẹ́wàá. Èyí tí ó rà, orí òkè ni, ó kọ́ yàrá mẹ́rin sí i, méjì méjì, bí èlùbọ́ bá ṣe ń tà. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tèmi wà lápá ẹlẹ́rìí. Ìwé náà wà nínú àpótí rẹ̀. N kò mọ ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí.