Àwọn Tó Ń Tọ́jú Eré Wa

Bí wọ́n bá pe ìpàdé àdúgbò níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, a ti mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde: iná, omi, títì, ààbò. Ẹlòmíràn lè fi ilé ìwòsàn kún un. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà kan dìde kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ wa kò níbi tí wọ́n ti lè ṣeré." Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ká ìlú lára. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti Àgbádárìgì títí dé Àkúrẹ́. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, ẹgbẹ́ kíìpù-fíìtì ń sáré lẹ́bàá títì, àwọn bàbá ń ta ayò lábẹ́ igi. Gbogbo rẹ̀ ló ní ẹni tó ṣètò rẹ̀. Ẹni náà kì í sábà gba owó oṣù, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ọ̀rọ̀ irú wọn ni mo fẹ́ sọ, torí mo gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń ṣe, àwa la ò tíì kà á sí iṣẹ́.

Irú wọn ló tọ́ èmi náà. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà n'Íbàdàn, ọkùnrin kan wà tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Kóòṣì. Télọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ télọ̀ á mọ ohun tí ọjọ́ Sátidé jẹ́ fún wọn: ọjọ́ òde ni, ọjọ́ tí àwọn oníbàárà ń rọ́ wá gba aṣọ, ọjọ́ owó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Kóòṣì ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa títí di ọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti lọ gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ilé-ìwé tí pápá wà. Òun ló ń fi àdá bẹ́ koríko, òun ló ń fi eérú fa ìlà, òun náà ló ń gbé bọ́ọ̀lù tó bá jò lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ rọ́, òun ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, òun ni yóò sì tún padà lọ bẹ ìyá ọmọ kó má baà ní ọmọ òun ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́. Òfin kan ló ní: ẹni tí kò bá lọ sílé-ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní bọ́ sínú sẹ́ẹ̀tì ní Sátidé. Òbí ò lè fi pàṣán mú wa lọ sílé-ìwé tó bí òfin yẹn ṣe mú wa lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò di agbábọ́ọ̀lù, n kò sì rò pé ohun tí Kóòṣì ń lé kiri nìyẹn. Lórí pápá yẹn la ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń pàdánù láìbínú, bí a ṣe ń dúró de ìgbà tiwa, bí ọmọ olówó àti ọmọ aláàárù ṣe ń wọ sẹ́ẹ̀tì kan náà tí wọ́n á sì jọ gbọ́ fèrè kan náà. Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ilé àti ilé-ìwé nìkan ni ibi ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ti wo ọmọdé lẹ́nu eré á mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ púpọ̀ nínú ìwà tí wọ́n ń mú dàgbà.

Lónìí, gbogbo ayé ló mọ orúkọ Túndé Ọnàkọ̀yà. Ní ọdún 2018 ló dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, láti máa kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní eré ṣẹ́ẹ̀sì. Màjídùn, ní Ìkòròdú, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n dé Mákòkó, wọ́n sì dé abẹ́ afárá Òṣòdì, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí àwọn èèyàn ń sá fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York pẹ̀lú Shawn Martinez, wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn méjèèjì tún padà síbẹ̀, wọ́n ta á dé wákàtí 64. Ó tọ́ ká yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ New York, ọkàn tèmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gẹ irun ní Ìkòròdú, torí ibẹ̀ ni Túndé ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́mọdé, ní àkókò tí kò sí owó láti rán an lọ sílé-ìwé. Onígbàjámọ̀ tó gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gba ọmọdé tí kò ní kọ́bọ̀ láyè láti jókòó tì í, kò bẹ ìjọba kó tó ṣe é. Ó fi àyè sílẹ̀ ni. Nínú àyè yẹn ni ohun tí Nàìjíríà wá fi ń yangàn ti hù jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí ní Àjàngbàdì, l'Ékòó. Ní ọdún 2017, Daniel Ajálá dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ijó bálẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ púpọ̀ nínú ijó náà. Àwọn òbí kan kọ́kọ́ ń fura: irú ijó wo nìyí, ṣé kì í ṣe ijó ìṣekúṣe? Ó ní láti fi sùúrù ṣàlàyé kí wọ́n tó jọ̀wọ́ àwọn ọmọ wọn. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ti ń jó nígbà náà. Ní ọdún 2020, fídíò ọ̀kan nínú wọn, Anthony Madu, ọmọ ọdún 11, tó ń jó láìwọ bàtà nínú òjò, tàn ká gbogbo ayé. Ní 2021, ó rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó Elmhurst ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi bá a yọ̀. Mo sì ń rántí àwọn yòókù tí kò lọ sí Birmingham, tí wọ́n ṣì ń fò sókè lẹ́yìn ilé-ìwé. Bí a bá ń fi ọmọ kan tó lókìkí nìkan díwọ̀n iṣẹ́ àwọn olùfẹ́-ìlú yìí, a ó máa rò pé wọ́n ti kùnà lórí ọgọ́rùn-ún ọmọ mìíràn. Ọmọ tó jó lónìí, tó rẹ́rìn-ín, tó sùn láìdá wàhálà sílẹ̀ ládùúgbò, ti gba èrè tirẹ̀.

Àmọ́ ìfẹ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í pẹ́ láyé. Nígbà tí ara Kóòṣì kò gbé e mọ́, tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ níbòmíràn, kò sí ẹni tó lọ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Koríko hù. Kò pẹ́, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ìdajì pápá náà ká, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe ìwọ́de, torí kò sí ẹgbẹ́ tó lè sọ pé tàwa ni. Gbogbo wa la ti ṣeré níbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wa tó ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ẹ wá wo Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìlú á kún fọ́fọ́ fún Ojúde Ọba. Ohun tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú fi ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba wọn, pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, ló ti di ọdún gbogbo Ìjẹ̀bú, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú. Àlejò á rí ẹṣin, á rí sányán àti ìlẹ̀kẹ̀, á ya fọ́tò, á lọ. Ohun tó gbé ọdún náà dúró wà lẹ́yìn aṣọ: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ọdún ìbí pín, tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra jọ ń wà nínú ọ̀kan. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè láti 1960 títí di 2025, ló tún jí wọn dìde. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ó ní alága àti akápò, ó ní ìpàdé àti owó ẹgbẹ́, ẹni tí kò bá san á gbọ́ orúkọ rẹ̀. Owó kan náà yìí ni wọ́n fi ń dá aṣọ, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún ìlú. Bí àgbà ẹgbẹ́ kan bá ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ti ń dá tiwọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ojúde Ọba kò fi rọ̀ mọ́ ẹ̀mí ẹnìkan. Bí Líṣàbí ṣe fi Ẹgbẹ́ Aáró kó àwọn Ẹ̀gbá jọ sórí oko, tí àjọṣe oko yẹn sì di agbára tí wọ́n fi gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ṣe máa ń gbé ohun tí ọwọ́ ẹnìkan kò ká. Ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílé wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àjọ aláìlérè.

Ilẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ẹgbẹ́. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń tọ́jú ọgbà Lekki Conservation Centre láti 1990. Hẹ́kítà 78 ni, igbó àti àbàtà, tòun ti ọ̀bọ àti ọ̀nì inú rẹ̀. Láti ọdún 2015, àwọn èèyàn ti ń gba orí afárá olókùn ibẹ̀ kọjá láàárín àwọn igi, mítà 401 gbáko. Gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì kan ní Lẹ́kí. Bí ilẹ̀ yẹn bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan ni, ilé alájà ni à bá máa wò níbẹ̀ báyìí. Àjọ tó ní ìgbìmọ̀, tó ní ìwé, tó sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́ ló jẹ́ kí ìdílé lè ṣì mú ọmọ lọ wo igbó láàárín Èkó. Owó géètì wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìdílé ló lè san án. Ìdí rèé tó fi yẹ kí àwọn pápá kékeré, tí kò ní géètì, náà ní ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn.

Ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn èèyàn yìí kò ní kí n má sọ ibi tó kù díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú gbọ́dọ̀ ka ìwé owó rẹ̀ sétí aráàlú. Ẹni tó bá ń dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òbí mọ̀ délé, ó sì dára kí àgbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Fọ́tò ọmọ tálákà kì í ṣe ọjà. Kí wọ́n tó gbé e jáde láti fi wá owó, kí wọ́n bi ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì bi ọmọ náà. Nígbà ìbò, jẹ́sì á pọ̀, orúkọ olóṣèlú á wà láyà ọmọdé. Bí ìbò bá ti kọjá, bọ́ọ̀lù á padà di lílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbára lé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò máa ṣeré. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Lórí pápá púpọ̀, wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àbúrò lẹ́yìn, wọ́n á máa wòran. Àsìkò ti tó kí ẹni tó ń pín sẹ́ẹ̀tì pín tiwọn náà fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀ ju agbára yín lọ. Ẹ wádìí ẹni tó ń tọ́jú eré ládùúgbò yín, kí ẹ lọ kí i. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ná an. Ẹ dára pọ̀ mọ́ ọn kí iṣẹ́ náà lè di ti ẹgbẹ́, kí ẹ yan akápò, kí ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Bí pápá bá wà, kí ẹgbẹ́ onílé lọ bá kánsù ìbílẹ̀ kí wọ́n lè fi ìwé ti ilẹ̀ náà lẹ́yìn, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tó dé. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun, tí ẹ ń rán owó wálé fún òkú àti fún ìyàwó gbígbé, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀lù, fún pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, fún iná pápá. Ní ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka iná, omi àti títì tán, ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ ní kí wọ́n kọ eré náà mọ́ ọn.