Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́: Ta Ni Yóò Tún Odò Wa Ṣe?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rin ìrìn-àjò kékeré kan.

Bí a ti ń fi Ìbàdàn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ omíyalé ni ó wà lọ́kàn wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì ju 100 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Òjò ni a máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwa náà ni a kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, tí a sì da pàǹtírí sínú odò.

Ní Ọ̀yọ́ ni Federal School of Surveying wà, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Wíwọn ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ga àti ibi tí ó gbé rẹlẹ̀ kò lè mọ ibi tí omi yóò gbà.

Lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, a kọjá ní abúlé Odò-Ọbà. Odò Ọbà ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń gbé e lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì lẹ́bàá òkun. Nítorí náà, iyẹ̀pẹ̀ tí òjò wọ́ kúrò lóko tí a gé gbogbo igi rẹ̀ níhìn-ín lè di ẹrẹ̀ níwájú apẹja etí òkun.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá wà, LAUTECH tí a dá sílẹ̀ ní 1990, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí yóò tún odò ṣe nílò méjèèjì. Yóò kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀: ibi tí bèbè ti ya, ibi tí omi ti ń sáré jù. Lẹ́yìn náà ni yóò pinnu ibi tí a ó gbin oparun àti koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀ sí, kí wọ́n lè di ilẹ̀ mú, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, kí omi lè rí àyè tàn ká.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti omi ni òun fẹ́, ẹ má ṣe fi dandan lé e pé àfi kó di dókítà tàbí lọ́yà. Ẹni tí ó tún bèbè odò ṣe ti gba ẹ̀mí là kí òjò tó dé. Kí ó sì tó gboyè, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé jọ kó pàǹtírí inú gọ́tà iwájú ilé yín.