Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́

 Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa ń kọ́ ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Kánò o. Ó ní iṣẹ́ púpọ̀ ni kọ̀ǹpútà kan ń ṣe pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ thread. Wọ́n á dá a sílẹ̀, á tò sórí ìlà, á ṣiṣẹ́, á dúró de nǹkan nígbà mìíì, á sì parí. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga ló ń kọ́kọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ipò gíga nìkan ò tó. Ní July 1997, ọkọ̀ Pathfinder tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí Mars gúnlẹ̀ ire. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kú, ó ń jí. Iṣẹ́ kékeré tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Iṣẹ́ ńlá ń dúró dè é. Àwọn tó wà láàárín ò jẹ́ kí kékeré ráyè parí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe láti ayé níbí ni pé, ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú, kó gba ipò ẹni tó ń dúró dè é títí á fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Òfin wa náà nìyẹn. Bí oníbàárà tó ń padà sí Katsina bá ń dúró, tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kéré jù wà ní stóò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán an lọ ra omi tàbí wá ṣéńjì. Ọ̀gá ni lásìkò yẹn. Oníbàárà tó bá bínú lọ, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ló ń yà. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín?